Ihò Tó Wà Lọ́rùn Aṣọ Mẹtìrì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé aáyán kò ní làákàyè, ẹ rán an sí mi. Mo bá wọn jà rí, nínú yàrá kan ṣoṣo ní Adja-Ouèrè, mo sì lè búra pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Títí di òní, bí mo bá rí ọ̀kan tó ń rìn lára ògiri, ara mi á ya gágá, bàtà á ti dé ọwọ́ mi kí n tó ronú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ ohun tí aáyán fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira ni, nígbà tí ìjọba ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi béèrè mọ́ pé ta ló wà níbẹ̀. Àwọn sọ́jà kò tíì kéde ìyípadà wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Bàbá mi ti kú, èmi àti ìyá mi nìkan la wà nínú ilé tó fi sílẹ̀, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí wọ́n fi páànù bò, kò jìnnà sí ọjà.

Iṣẹ́ ìyá mi ni kó fọ aṣọ, kó sì lọ̀ ọ́, fún àwọn tí kì í fọṣọ fúnra wọn. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é. Òun ń fọ̀, èmi ń lọ̀. Irin ìlọṣọ eléèédú, ọwọ́ mi ló wà láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. N kò ní tìtorí ìrẹ̀lẹ̀ pa irọ́ fún yín: mo mọ̀ ọ́n lò. Ìta ni mo ti máa ń fẹ́ iná rẹ̀, kí eérú má bàa fò wọlé. N ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, n ó dán an wò lórí àkísà, kí n tó jẹ́ kó kan aṣọ aláṣọ.

Àmìdọ́ ni àṣírí ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí mo ń pè ní Bàbá Massè nítorí pé Massè ló ń gbé, tó ń dá ẹmu tó sì ń dáko níbẹ̀, ló máa ń kó gbáàgúdá wá fún wa. A ó rin ín, a ó fi aṣọ fún omi rẹ̀, a ó jẹ́ kí omi náà tòrò. Ìyẹ̀fun funfun tó bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ni àmìdọ́. A ó sá a gbẹ. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ lò ó, a ó pò ó, a ó da omi gbígbóná lé e títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, a ó ri aṣọ bọ̀ ọ́. Bí mo bá wá fi irin gbígbóná lé aṣọ náà lórí, yóò le, yóò máa dán. Lọ́jọ́ kan mo gbé ṣòkòtò mẹtìrì nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì dá dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jìyà. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi fi ìbọsẹ̀ tútù nà mí.

Mẹtìrì ni olùkọ́ ilé-ìwé ìlú wa, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun, katẹkísì ìjọ Àgùdà, àti ìyá àgbà kan nínú ìjọ aláṣọ funfun ni oníbàárà wa mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù. Tí àwọn mẹ́ta yìí bá jáde tí aṣọ wọn ń ta wọ́n lọ́rùn, àwọn yòókù á tẹ̀lé wọn wá.

Ní ọdún yẹn ni akọ̀wé ìjọba kan fẹ́ padà sí Kutọnu, ó sì ta àpótí aṣọ rẹ̀ fún ìyá mi, àpótí gíga onílẹ̀kùn méjì tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ènìyàn! Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Ìyá mi ń jó yí i ká. Kò sí ìdílé kankan ládùúgbò wa tó ní irú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú rẹ̀ ni a ń kó aṣọ tí a bá ti lọ̀ sí, kí olówó rẹ̀ tó wá gbà á, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ ní ìdí ìró ìyá mi. A rò pé àpótí ni a rà. A kò mọ̀ pé àwọn onílé ti wà nínú rẹ̀.

Aṣọ mẹtìrì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Ọ̀sán kan ló gbé e wá, ó tẹ́ ẹ lé ọwọ́ ìyá mi, ó fi ìka kan tọ́ka sí ọrùn rẹ̀. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀, kò tó ojú ọmọ adìyẹ, etí rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ìyá mi gbé e sí oòrùn, ó wò ó, ó wò mí.

"Iná ló ta sí i," ló wí. "O fẹ́ iná lé aṣọ lórí."

"Ìyá, n kò fẹ́ iná lé aṣọ lórí."

"Ṣé aṣọ náà ló dá ara rẹ̀ lu ni?"

Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sílé mẹtìrì, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo fi ẹnu mi sọ pé èmi ni mo jó o. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, nítorí ìyá mi dúró lẹ́yìn mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó di ti katẹkísì. Lẹ́yìn ìyẹn ni sùtánà ìyá àgbà, aṣọ àdúrà funfun rẹ̀, ihò mẹ́ta lápá ọ̀tún. Ìgbà mẹ́ta ni mo kúnlẹ̀ nílé mẹ́ta. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di eré: bí mo bá ń kọjá lọ, wọn á fi ọwọ́ méjèèjì bo ọrùn aṣọ wọn, wọn á máa sá, wọn á máa ké pé iná ń bọ̀. Mo lé méjì nínú wọn bá dé ẹ̀yìn ọjà. N kò ní sọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

Ẹ wá wo ohun tí ìyá mi ṣe nígbà tó rí i pé ihò ń pọ̀ sí i. Ó ní aṣọ náà ló ń tín-ín-rín jù tí iná fi ń ráyè wọ̀ ọ́. Ó ní àmìdọ́ ni yóò gbà á. Ó bá sọ àmìdọ́ di ìlọ́po méjì. Ó ki í títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé fi ṣíbí bù. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá ti balẹ̀, àmìdọ́ ló máa ń fi kún un. Ihò náà kò dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn sùtánà yẹn ló gba irin lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ó kàn gbé e sórí pẹpẹ, ó ní, "Tí ìkórè ìjọ aláṣọ funfun bá ti kọjá, ẹ̀gbọ́n mi yóò wá mú ọ lọ sí Massè. Wàá máa bá ìyàwó rẹ̀ bó gbáàgúdá. Ọwọ́ rẹ kò ní kan irin yìí mọ́."

N kò kórìíra Massè. Ṣùgbọ́n lílọ aṣọ ni ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà ń dúró wò mí. Ẹ fi èyí náà kún un: ìyá mi gbà pé òpùrọ́ ni mí. Èyí ló dùn mí jù. Mo ka ọjọ́ tó kù kí ìkórè tó dé, ó jẹ́ ogún ọjọ́.

Bàbá Massè fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà mí sílẹ̀ láìmọ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sọ́jà, ó kó gbáàgúdá wá fún wa, ó sì ku ẹmu díẹ̀ nínú kèrègbè rẹ̀. Ó gbé kèrègbè náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aṣọ, kò dé e lẹ́nu, ó lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ń gbálẹ̀ nígbà tó padà wá mú un. Ó gbé e sókè, ó mì ín, ó gbọ́ pé nǹkan ń ró nínú rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé sí àgbàlá.

Aáyán ni! Ọ̀kan, méjì, mẹ́wàá, n kò lè kà wọ́n tán. Aáyán ńlá pupa, aáyán wẹẹrẹ, aáyán tó gbé àpò ẹyin dání. Gbogbo wọn ti mu ẹmu yó, àwọn kan kú, àwọn kan ń ta ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ti ọ̀dọ̀ àna bọ̀. Adìyẹ aládùúgbò sáré dé, wọ́n ń ja ìjà lé wọn lórí.

"Ẹ gbà mí o," ni Bàbá Massè ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. "Àbúrò mi, àwọn àlejò rẹ mu ẹmu mi tán!"

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó sáré ti ilẹ̀kùn àgbàlá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ta ni yóò gbé aṣọ wá sí ilé tí aáyán wà?"

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan là sí mi lọ́pọlọ. Mo wo aáyán, mo wo àpótí, mo rántí ihò ọrùn aṣọ mẹtìrì, etí rẹ̀ tó pọ́n, tó rí bí ohun tí eyín gé jẹ. Iná kì í jó aṣọ báyẹn! Iná á mú kí etí rẹ̀ dúdú, kó le. Mo pariwo, "Ìyá, àwọn ló jẹ aṣọ!"

"Pa ẹnu rẹ mọ́. Àjẹkù oúnjẹ ni aáyán ń jẹ. Ta ló rí aáyán tó jẹ aṣọ rí?"

Lóòótọ́, aṣọ wa tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ wà lórí okùn nínú yàrá kan náà, aáyán kò jẹ wọ́n. Bàbá Massè pàápàá sọ pé ìyá mi jàre. Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi rò ó, tí mo bá ń pọnmi, tí mo bá ń bó gbáàgúdá. Kí ló wà lára aṣọ mẹtìrì tí kò sí lára tèmi? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìkòkò omi sílẹ̀ nígbà tí ìdáhùn dé. Mo ń bó ìdáhùn náà láti àárọ̀!

Mo lọ bá ìyá mi. Mo ní kó jẹ́ kí n dán ohun kan wò, tí ó bá já sí òfo, n ó lọ sí Massè láìdúró de ìkórè. Bóyá nítorí èyí ló ṣe gbà. Mo ya aṣọ funfun àtijọ́ kan sí méjì. Mo ri ìdajì kan bọ inú àmìdọ́ líle, mo sá a gbẹ. Mo fọ ìdajì kejì lásán, mo sá òun náà gbẹ. Irin kò kan ọ̀kankan nínú wọn. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló kó méjèèjì sínú àpótí, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ há ìdí ìró. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Ọjọ́ mẹ́ta náà, n kò jókòó jẹ́ẹ́. Mo ń yí àpótí náà ká, mo ń fi etí lé e. Mo ń bẹ aáyán, èmi tí mo kórìíra wọn tó yìí: ẹ jẹun o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ àjẹyó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá mi ṣí i. Ó mú aṣọ tí a kò fi àmìdọ́ sí, ó nà án sókè sí oòrùn ojú fèrèsé. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó mú èkejì. Oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá ní ibi méje.

Ẹ̀yin ará, mo fò sókè! Mo kígbe, mo gbá àyà mi, mo sáré jáde sí àgbàlá, mo sáré wọlé padà. "Ṣé irin kan án? Ìyá, ṣé irin kan án? Ṣé iná ta sí i?" Ìyá mi jókòó lórí àpótí ìjókòó, aṣọ náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka bọ inú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni mo ń bọ́ wọn." Ó wí i fún ara rẹ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an, mo sì gbádùn rẹ̀ ju ọjọ́ ọdún lọ. A gbé àpótí jáde sí oòrùn, a kó gbogbo inú rẹ̀ jáde, a da omi híhó sí gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó. Wọ́n ń tú jáde! Bàbá Massè, tó tún kó gbáàgúdá wá lọ́jọ́ náà, mú ìgbálẹ̀, ìyá mi mú bàtà, èmi mú ọwọ́ mi lásán. A fi amọ̀ àti eérú dí gbogbo ibi tí sìmẹ́ńtì ti là lára ògiri. Ìyá mi kọ́kọ́ fẹ́ fi èéfín ata lé wọn, a sì dán an wò: aáyán kò kú, àwa la fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Epo àtùpà pa àwọn tó bá kàn, àmọ́ òórùn rẹ̀ kò ṣeé fi sí ibi tí aṣọ funfun wà.

Kèrègbè Bàbá Massè ló kọ́ mi ní èyí tó ṣiṣẹ́. Mo wá agolo mílíìkì mẹ́fà, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu sí ìsàlẹ̀ wọn, mo fi àdín pa ẹnu wọn nínú lọ́hùn-ún kí ẹsẹ̀ má lè dúró níbẹ̀, mo sì fi àkísà wé ìta wọn kí wọ́n lè rí nǹkan gùn. Mo gbé wọn sí kọ̀rọ̀ mẹ́rin yàrá, méjì sí abẹ́ àpótí. Láràárọ̀ ni mo ń sáré lọ wò wọ́n kí n tó bọ́jú. Ní ọjọ́ kìíní wọ́n kún débi ìdajì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, mẹ́ta péré la rí. A ń tọ́jú àmìdọ́ sínú ìkòkò tó ní ìdérí, a kò sì ri aṣọ bọ̀ ọ́ mọ́ àfi ní òwúrọ̀ tí olówó rẹ̀ fẹ́ wá gbà á. Ihò tuntun kankan kò yọ mọ́.

Ìyá mi gbé irin padà fún mi. Ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Sùtánà ìkórè pọ̀, máa bọ̀." Kò sọ̀rọ̀ Massè mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, mo kọjá níwájú ilé-ìwé, àwọn ọmọ bo ọrùn aṣọ wọn.

Mo délé, mo gbé irin sílẹ̀, mo sì sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún ìyá rẹ̀. "Ilé mẹ́ta ni ẹ mú mi lọ kúnlẹ̀. Lójú gbogbo ìlú, èmi náà ló ṣì jó aṣọ."

Mo retí ìgbátí. Kò gbá mi. Ó ní, "Tí mo bá sọ pé kì í ṣe ìwọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ ẹ́. Wọ́n lè dárí ji ọmọ tí iná ta lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ní kó aṣọ wá sí ilé aáyán. Kí la ó máa jẹ?"

Òtítọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé irin mi, mo bá iṣẹ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó so gèlè, ó mú agolo kan tó ní ìdérí. "Tẹ̀lé mi," ló wí. Ọ̀nà ilé mẹtìrì ló gbà. Ó ń yára rìn débi pé mo ní láti máa sáré tẹ̀lé e. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti bí i nínú, pé ó fẹ́ kí n lọ tún ẹ̀bẹ̀ bẹ̀.

Mẹtìrì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ìwé àwọn ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Ẹrù aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n ti dì sílẹ̀ fún wa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Orúnkún mi ti mọ ibẹ̀, wọ́n ti ń lọ sílẹ̀ fúnra wọn. Ìyá mi di apá mi mú, ó fà mí sókè.

"Dìde dúró," ló wí. "Èmi ló kàn."

Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀. Ó ṣí agolo náà níwájú wọn, òkú aáyán ló wà nínú rẹ̀. "Mẹtìrì, màdáàmù, ọmọ yìí kò jó aṣọ yín. Aáyán ilé mi ló jẹ ẹ́, èmi ni mo fi àmìdọ́ bọ́ wọn. Mo parọ́ mọ́ ọmọ mi níwájú yín, mo ní kó kúnlẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Mo wá gba irọ́ mi padà."

Ìyàwó mẹtìrì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó wo inú agolo, ó wo ìyá mi, ó na ọwọ́, ó sì fa ẹrù aṣọ náà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi rí i. Mẹtìrì, ẹni tí n kò gbọ́ rí kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé, wò mí, ó ní, "Pàdọ́ọ̀, ọmọ mi." Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó dé agolo, ó dìde.

A lọ sílé katẹkísì. A lọ sílé ìyá àgbà. Nígbà tí a dé ilé kẹta yìí, ilẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ìró ìyá mi níbi orúnkún, kò sì gbọ̀n ọ́n. Ó tún kúnlẹ̀. Ó tún sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ní kí n dúró, mo ń sunkún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ mi sí.